Irin Tí A Fẹ́ Fi Sórúnkún Ìyá Mi

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè jókòó sójú kan. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Ìléwó, fóònù ni mò ń tẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, màá dá a lóhùn tán, màá tún padà sídìí irin àti ike tí mò ń kà nípa wọn níbẹ̀. Dókítà ní orúnkún ọ̀tún ìyá mi ti jẹ tán, egungun ti ń ha egungun, àfi kí á pààrọ̀ rẹ̀. Ó wá ní kí á lọ ronú sí irú èyí tí a fẹ́. Èmi tí mi ò lè ra bàtà kí n má dá a padà!

Irin kóbọ́ọ̀tì tí a pò mọ́ kíróómù ló wọ́pọ̀ jù. Ó le, kì í tètè ha, àmọ́ níkẹ́lì díẹ̀, irin tí ara ẹlòmíràn kì í gbà, máa ń wà nínú rẹ̀. Taiténíọ́ọ̀mù fúyẹ́, ara sì máa ń gbà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tètè ń ha. Òmíràn wà tí a sun ojú rẹ̀ nínú iná títí ó fi ń dán bíi tánńganran, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní níkẹ́lì. Ike ló ń wà láàárín gbogbo wọn, ike yẹn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó. Níkẹ́lì ló dà mí láàmú jù. Yẹtí pańda lásán, bí ìyá mi bá fi sétí di ọ̀sán, etí ti wú nìyẹn. Odindi irin ńkọ́?

Aláró ni ìyá mi. Ìdí ìkòkò aró tó wà lẹ́yìnkùlé wa l'Áké ni wọ́n ti lóṣòó fún ogójì ọdún. Ìrora orúnkún kọ́ ló ń dùn wọ́n jù, àga ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti ń kírun lórí àga, tí iwájú orí wọn kò kan ilẹ̀. Wọ́n á ní, "Mo kàn ń kírun bí àlejò ni." Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún dókítà ni pé, "Ẹ bá mi tún un ṣe kí n lè máa forí kanlẹ̀." Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ kejì mo pè é nítorí níkẹ́lì, ló bá sọ fún mi pé irin yòówù kí á mú, òun lè fọkàn wa balẹ̀ lórí rírìn, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí ìkúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í lè ṣe é mọ́. Ó ní kí n bá Màmá sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní gbà kí á ṣiṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ò ní gbé wọn dé balùwẹ̀ mọ́.

Ní ti ìyá mi, sódà ló ń bà wọ́n lẹ́rù. "Sódà tí mo fi ń pa aró ti wọ eegun mi. Ó ti jẹ ìkòkò sílífà mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé irin ni yóò wá bẹ̀rù?" Aláró kì í sì í gba aṣọ tí kò mọ̀ láìti igun rẹ̀ bọ aró wò. Wọ́n bá tọrọ orúnkún kóbọ́ọ̀tì kan tí dókítà fi ń ṣàlàyé fáwọn aláìsàn, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n tì í bọ inú aró, wọ́n dé ìkòkò.

Inú bí mi. "Màámi, nǹkan onínǹkan lẹ tì bọ aró yẹn o."

"Ṣebí ìwọ náà ń dán tìrẹ wò nínú fóònù."

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fà á jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi etí ìró nù ún. Ó ń dán. Wọ́n ní irin gidi nìyí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi: etí tó ń wú, taiténíọ́ọ̀mù, èyí tó dà bíi tánńganran. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Èwo nínú wọn ló máa rọrùn jù fún ìforíkanlẹ̀?"

Mo tún gbé fóònù mi, mò ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí.

"Dókítà ti sọ fún ọ."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀, mò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n forí jì mí. Wọn ò wo ojú mi. Orúnkún mi ni wọ́n ń wò.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n fi èyí tí kò ní wú mi lára sí i. Mi ò fẹ́ kí o máa gbé mi lọ tọ̀."

Nígbà tó ku ọ̀la kí á lọ sílé ìwòsàn, ìrun aláásárì tó, wọ́n ní kí n gbé àga kúrò. Mo ní kí wọ́n má dán an wò. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo dì wọ́n mú lábẹ́ apá, a rọra ń lọ sílẹ̀, orúnkún yẹn ń ké, àwọn náà ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, títí iwájú orí wọn fi kan ẹní. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Òógùn bò wọ́n lọ́rùn, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé wọn dìde. Mi ò gbé wọn.