Ọpẹ́lọpẹ́ Àdúrà Tí Kò Gbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjoun, ẹni tó bá fi oògùn lọ bàbá mi, bí ìgbà tó fi ejò lọ̀ ọ́ ni. Ìjọ aláṣọ funfun tiwa kì í lo oògùn, a kì í sì í wọ bàtà bí sùtánà bá ti wà lọ́rùn wa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, ọ̀dọ̀ wòlíì wa lódìkejì bọ́dà, nílẹ̀ Kútọnu, là ń gbé e lọ.

Nígbà tí ìjọba wá ti bọ́dà pa, ọ̀nà wòlíì dí. La bá wọ sùtánà, a fẹsẹ̀ lásán rìn dé ibi tí àwọn sójà fi pákó dínà, à ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣí i. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ ìṣó pákó wọn.

Ẹsẹ̀ mi wú. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní, “Bàbá, ọmọ yìí á gba abẹ́rẹ́ o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ máa sin ín.”

“Bọ́dà ni wọ́n tì, nọ́ọ̀sì, wọn ò ti ọ̀run.”

Wọ́n bi èmi náà níwájú ìjọ. Mo ní Ọlọ́run tó mi. Gbogbo ìjọ ké halelúyà! Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ ni mò ń sá fún. Ojo paraku ni wọ́n ń pè ní onígbàgbọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ dúdú, tó ń rùn, Bàbá pọ̀n mí lọ bẹ àwọn sójà kí wọ́n jẹ́ ká kọjá sọ́dọ̀ wòlíì. Ọ̀kan tú aṣọ ẹsẹ̀ mi, ó fọwọ́ bomú.

“Bàbá, òkú lẹ fẹ́ gbé kọjá ni?”

Ló bá kó wa sínú ọkọ̀ wọn, ó di ọsibítù Ìlaró. Bàbá ń ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” jálẹ̀ ọ̀nà. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi méjì, mo yè.

Bàbá dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi, ó padà jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì rú mi lójú. Ìṣó sójà ló gún mi, ọkọ̀ sójà ló gbé mi. Ká ní àdúrà wa gbà, tí bọ́dà ṣí, ọ̀dọ̀ wòlíì ni ǹ bá kú sí.

Ayé ti yí. Àwọn aláṣọ funfun ìjọ wa ń gba abẹ́rẹ́ báyìí. Bàtà nìkan ni wọn ò tíì gbà. Nígbà tí ìjọba tún ti bọ́dà láìpẹ́ yìí, ìyàwó mi ní ká gbàdúrà kó ṣí. Mo kúnlẹ̀ tì í, tèmi ti bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tó kan àmín, mo dìde, mo lọ ń so okùn bàtà mi.