Ibi Tí Mo Mú Bàbá Lọ Jẹun

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni. Òjò winniwinni ń rọ̀, èmi àti bàbá àgbàlagbà kan sì dúró níwájú ilé oúnjẹ kékeré kan ní àárín ìlú Manchester, òórùn àgbọn gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Àgbọn tí wọ́n fi se ìrẹsì ni, pẹ̀lú ewé olóòórùn dídùn kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ lédè wa, tí òórùn ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín lọ́wọ́ sì ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde wá bá wa. Bàbá fa imú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń dín ata nílẹ̀ òyìnbó?" Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé omi ti wọ bàtà mi. Tí mo bá rántí ìdùnnú yẹn báyìí, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Newton Heath. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀rẹ́ mi yìí, bàbá rẹ̀ sì ti Ìlọrin wá kí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ládàánì ni Bàbá ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń pe àwọn èèyàn sí ìrun níbẹ̀. Nítorí pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní ọsibítù máa ń gba ọjọ́ náà tán, ọwọ́ mi ni Bàbá máa ń wà lọ́sàn-án. Èmi ti parí másítà mi lọ́dún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú ni mo ń nù láti ìdájí títí di aago mẹ́wàá, mo sì máa ń lo ìyókù ọjọ́ láti kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí àwọn tó máa dá mi lóhùn pé àwọn ti rí ẹlòmíì.

Bàbá kò jẹun. Ìyẹn ni ìṣòro wa. Ọjọ́ ìsinmi ni ọ̀rẹ́ mi máa ń se ọbẹ̀ púpọ̀, á dì í sínú ike, á kó o sínú fíríìsà. Bàbá wo ike náà bí ẹni ń wo òkúta. Ó ní, "Èmi ò jẹ yìnyín." Èmi náà gbìyànjú láti sebẹ̀. Bàbá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí Ọlọ́run fún ọkọ tí mo máa fẹ́ ní sùúrù. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, búrẹ́dì àti tíì ni. Jálàbíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ú lọ, ọ̀rẹ́ mi sì ń sunkún ní kíṣìnnì kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́.

Ibi tí oúnjẹ Malaysia ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó wá láti Malaysia, tó máa ń lo ìbòrí bíi tèmi. Ó mú mi lọ jẹ ìrẹsì alágbọn wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n bu ìrẹsì náà sí àárín àwo, wọ́n fi ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà díndín, kùkúńbà, àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n dín títí wọ́n fi ń dún lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ata wọn, ó pupa, ó dùn díẹ̀, ó sì ta, gẹ́gẹ́ bí ata díndín tí ìyá mi máa ń dì fún mi nígbà tí mo ń gbé nílé ìwé. Omijé bọ́ lójú mi lórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà rò pé ata ni. Mi ò lè ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ata, pé ó ti pẹ́ tí ohunkóhun ti ṣe bíi pé ó mọ̀ mí ní ìlú yìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ẹni tó mọ ibi jíjẹ. Nínú wásáàpù àwa obìnrin mọ́ṣáláṣí wa, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tó lè jẹ ohun tó ní ata, wọ́n á ní, "Ẹ bi àbúrò wa." Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún mi. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ohun tí mo kọ́ nílé ìwé. Mo wá kọ àwọn ibi tí mo fẹ́ràn sílẹ̀ fún wọn. Àkọ́kọ́ ni ibi ìrẹsì alágbọn yẹn. Ìkejì wà ní Rochdale, ṣọ́ọ̀bù tọkọtaya kan tí kò jìnnà sí ibi tí tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ń dúró sí. Ìyàwó máa ń na ìyẹ̀fun pípò títí á fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ, á ká a, á dín in, ọkọ á sì bu ẹran màlúù tí wọ́n ti fi omi àgbọn sè títí ó fi gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ibi méjèèjì, àmì halal, tó fi hàn pé Mùsùlùmí lè jẹ oúnjẹ wọn, wà lára gíláàsì. Ìkẹta wà ní òpópónà kejì sí ti àkọ́kọ́, oúnjẹ Malaysia náà ni wọ́n ń tà, èmi ni mo sì rí i fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jẹun níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹyin. Ká sọ òótọ́, mo fi í kún un kí ó lè pé mẹ́ta ni.

Ní Sátidé yẹn, ibi àkọ́kọ́ kún. Àwọn èèyàn tò jáde títí dé ìta, orúnkún Bàbá kò sì lè dúró. Mo rí i tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó ń gbé èkejì. Ẹ̀rù bà mí pé á ní ká máa lọ sílé, ká lọ jẹ búrẹ́dì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ síbòmíì, sà. Òpópónà kejì ni."

"Oúnjẹ Mùsùlùmí ni?"

"Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni, Bàbá."

Ẹ wo ìdáhùn mi dáadáa. Bàbá béèrè nípa oúnjẹ, mo dá a lóhùn nípa orílẹ̀-èdè. Mi ò purọ́, ara mi sì dá mi lójú. Nígbà tí a débẹ̀, mo tún ṣọ́ra lọ́nà tí a máa ń gbà ṣọ́ra: mi ò béèrè fún ẹran rárá, torí mi ò mọ ẹni tó pa á. Edé ni mo ní kí wọ́n fi sí i. Ta ló ń bẹ̀rù edé? Mo na ìka sí àwòrán kan nínú ìwé oúnjẹ wọn, núdù pẹlẹbẹ tí wọ́n dín pọ̀ mọ́ edé, ẹyin àti ewé àlùbọ́sà, èéfín iná sì ń rú lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Bàbá fọwọ́, ó ṣe Bìsìmílà, ó ti ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́.

Ó ní, "Kí ló ń rún lẹ́nu mi yìí? Ó dùn o."

Mo wò ó. Nǹkan kéékèèké ni, ó pọ́n bíi wúrà. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ibi jíjẹ.

"Àlùbọ́sà díndín ni, sà."

Bàbá jẹ àwo náà tán, ó fi ìka nù ún. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù níbi iṣẹ́, ó ní, "Ẹlòmíì ti bá ẹ bọ́ bàbá ẹ o! Ìwọ máa fi yìnyín ṣeré níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún iṣẹ́ mi àti físà mi, ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé àwọn tó jókòó nítòsí yíjú wò wá. Mo ya àwòrán àwo tó kù sílẹ̀, èyí tèmi, tí mi ò tíì fọwọ́ kàn torí ìdùnnú, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ kíláàsì mi ará Malaysia yẹn, pẹ̀lú orúkọ ilé oúnjẹ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni èsì rẹ̀ dé, mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti ibi iṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ọ̀rẹ́, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín èyí níbẹ̀. Àwọn Ṣáínà ilẹ̀ wa ló ni ibẹ̀. Wọ́n mọ oúnjẹ sè o, ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ ẹ́. Ṣé o jẹ ẹ́ ni?"

Mo lọ síbẹ̀ tààrà. Obìnrin tó ni ibẹ̀ kò tíì ṣí ìlẹ̀kùn tán. Mo bi í. Ó ṣí ìwé oúnjẹ, ó fi ìka lé àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé náà. Ohun tó ń rún lẹ́nu, ọ̀rá náà ni, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín. Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ká ní o béèrè ni, òróró ni ǹ bá fi dín in fún yín." Ohun tó sọ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ládàánì! Ládàánì ni bàbá mi o!" Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní, "Má sọ fún un. Tó o bá sọ, kò ní jẹ nǹkan kan mọ́ ní Manchester títí á fi wọ ọkọ̀ òfurufú." Mo gbà, torí òótọ́ ni, àti torí pé ó rọrùn fún mi láti gbà. Mo ń mú Bàbá lọ síbi ìrẹsì alágbọn, mo ń mú un lọ sí Rochdale, ó ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ṣáá pé, "Ibi tó ń rún lẹ́nu yẹn ńkọ́?" Èmi á ní, "Wọ́n ti tì í lónìí, sà." Irọ́ kan ló di mẹ́rin, ó di márùn-ún.

Mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, mo yọ ibi kẹta kúrò, mo tọrọ àforíjì. Ẹnì kan ké, "Yéè, èmi ti jẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!" Òmíràn ní, "O ṣeun tó o sọ, àbúrò. Ọlọ́run mọ̀ pé a ò mọ̀." Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo bi áfáà wa náà láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́ láìmọ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọrùn Bàbá ló ń dà mí láàmú mọ́. Ó ti wá yé mi pé kì í ṣe torí pé Bàbá gbẹ́kẹ̀ lé ilé oúnjẹ náà ló fi jẹ oúnjẹ yẹn. Èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé. "Mi ò mọ̀, sà" ni gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ, mi ò sì lè sọ ọ́, torí mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi nípa gbogbo nǹkan yòókù láyé mi ní gbogbo ọdún yẹn. Mo fẹ́ kí ó ku ohun kan tí mo mọ̀.

Bàbá ti padà sílé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ló ń pè mí láti ṣàdúrà fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin ọmọ Ìlọrin kan tó ń gbé ní Rochdale kọ̀wé sí mi: "Sístà, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni òun àti bàbá ọ̀rẹ́ yín ń lọ, ìyẹn sì ti sọ fún un pé kó má jẹun síbòmíì, àfi ibi tí oúnjẹ ti ń rún lẹ́nu tí ẹ mú òun lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́."

Mi ò lè fi ibẹ̀ ránṣẹ́. Tí mo bá fi ibòmíì ránṣẹ́, àwọn àgbà méjèèjì á padà fi ọ̀rọ̀ wé ara wọn. Tí mo bá sọ òótọ́ fún ọmọ náà, lẹ́nu ẹlòmíì ni Bàbá á ti gbọ́ ọ, nínú mọ́ṣáláṣí tó ti ń pe ìrun. Ó sì ń tì mí lójú láti kọ èyí, ṣùgbọ́n mò ń bẹ̀rù pé kò ní pè mí mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti kọ èsì sí ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún àgbàlagbà rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n pe Bàbá lónìí, àbí kí n jẹ́ kó kọ́kọ́ parí àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ kí n tó sọ ọ́ fún un?