Eré Ìje Tí A Fi Ojú Dídì Wò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajue, ìyá mi máa ń sọ pé ojú mi ni yóò kọ́kọ́ gbó lára mi, nítorí n kì í jẹ́ kó sinmi. Bí àlejò bá yà sílé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó bu omi fún un ni mo ti mọ irú bàtà tó wọ̀. Ẹ má bá mi wí o, ẹ̀yin ọmọ mi, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Ìyá kan wà nílé kejì sí tiwa, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko kòkó àti gbágùúdá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kò tètè rìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lé adìyẹ kiri, òun ṣì ń wọ́ nílẹ̀. Wòlíì ìjọ wọn wá ní kí ìyá máa gbé e lọ sódò láràárọ̀, kó máa fi omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí wọ́ orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní òjò kì í dá ìyá yìí dúró. Èmi ò bá wọn níbẹ̀ o. Nígbà tí mo gbọ́njú, ọmọ tí wọ́n ń wí ti di ẹni tí ọkùnrin kankan ò lè lé bá lójú ọ̀nà oko. Mo máa ń tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń kọjá. Ẹsẹ̀ lásán ni. Mo ṣáà fẹ́ mọ ibi tí eré náà ń gbà wọ ibẹ̀.

Eré ìje ilé ìwé ní Odigbo ni wọ́n ti rí i. Láìwọ bàtà ló fi gbogbo wọn sílẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Oǹdó, wọ́n mú un dé Ìbàdàn, nígbà tó yá a gbọ́ pé ó ti wọ bàálù, ó ń bá ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn sáré. Ìròyìn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ̀kan pé orúnkún dùn ún, wọ́n sì ní kó sinmi. Ọkàn ìyá rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń bẹ̀rù pé níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá a wọ́ ọ, orúnkún náà lè yẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ wá pé tí wọ́n ní eré rẹ̀ yóò jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń ra kòkó wa ní Odigbo ló ní tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúnáwá. Ìjọ aláṣọ funfun kún inú ọkọ̀ tó ń kó kòkó, àwa náà bá wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni tiwa. Àwòrán náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n a rí i, òun ló ń gbọn ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó mọ bí eré náà ṣe gùn tó nínú wa. Èyí tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ kọjá òkun, a gbà pé kò ní dín ní ọ̀nà Ajue sí Odigbo. Ìyẹn ni wòlíì fi dìde, tó ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ká fi ọmọ wa lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Gbogbo ilé dijú. Onílé náà dijú, ó ń bọ̀wọ̀ fún wòlíì.

Ẹ mọ ojú tèmi. Mo rí i tí wọ́n yìnbọn pé kí wọ́n máa sá, mo rí i tó fò jáde. Wòlíì ò tíì kúrò lọ́dọ̀ Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, eré ti parí. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀. Àwọn yòókù nawọ́ sókè, òun fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ, ó ń wọ́ ọ.

Wọ́n ké Halleluyah méje, wọ́n lajú. Wòlíì jókòó, ó ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Onílé wo tẹlifíṣọ̀n, ó rọra ní, "Bàbá, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti sá a tán."

Mo ní èmi rí i. Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí kí ìyá ọmọ náà tó di ọwọ́ ọ̀hún mú.

"Ọma mi ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ dúró?"

"Ó dúró, Màmá. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe."

Bóyá ló gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn fi wòlíì ṣe yẹ̀yẹ́ dé Ajue, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ pẹ́ kí ọmọ náà tó wálé. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun náà ti fi eré sísá sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun gbọ́ pé mo wà níbẹ̀, kí ni ìyá òun sọ nígbà tí wọ́n rí òun? Ó ní òun máa ń rò pé wọ́n ń wo òun. Irọ́ ò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Wọn ò rí yín, àǹtí mi. Wọ́n ń bá yín di orúnkún mú ni." Mo jókòó, mo ṣe é fún un bí mo ṣe rí i. Ó ní kí n tún un ṣe.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi ní Ore lè tẹ fóònù kó wo eré tí wọ́n sá lánàá, kó dá a dúró, kó dá a padà. Ó wá eré ọjọ́ yẹn títí, ó sì rí i. Mo wò ó, inú mi dùn. Nǹkan yín dáa ju tiwa lọ níbẹ̀ yẹn, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ya ọmọ sílẹ̀ kò ya ìyá. Ojú tèmi nìkan ni ìyẹn wà, ojú náà sì ti ń ṣú. Ẹ jókòó dáadáa, kí n fi bó ṣe di orúnkún mú hàn yín.