Àgò Alágẹmọ Àlàní

Nígbà tí Àlàní bá àwọn apẹja lọ sí Kútọnu, alágẹmọ tó ń sìn ló fi sílẹ̀ fún Sàdíátù, ìyàwó rẹ̀, létí òkun Lẹ́kkí. Oṣù gorí oṣù, Àlàní kò dé. Ẹni tó lọ kò mọ bí ọjọ́ ṣe ń gùn fún ẹni tó dúró.

Sàdíátù da yanrìn òkun funfun sí ìsàlẹ̀ àgò ẹranko náà, bí wọ́n ti ń dà á sí yàrá àlejò pàtàkì. Láràárọ̀ ló ń wọ́n omi sórí ewé inú àgò kó lè rí omi mu. Àṣé omi ń dágún sínú yanrìn, ó ti ń rùn. Bí alágẹmọ bá yọ ahọ́n mú tata, yanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó ṣe kọ oúnjẹ nìyẹn.

Fàúsátù, ẹ̀gbọ́n Àlàní, bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, ṣé ẹranko lò ń sìn ni, àbí ẹ̀gẹ́ lo fẹ́ gbìn?”

“Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, Àǹtí. Bó bá kú, kí ni mo fẹ́ wí fún ọkọ mi?”

Sàdíátù kó yanrìn dànù. Ó to ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀, ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí omi lè máa ro sínú àpáàdì tó gbé sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, alágẹmọ gbé tata mì.

Sàdíátù kọjú sí òkun. “Ó ti jẹun o, ọkọ mi. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń fún yín lóúnjẹ?”