Gílóòbù Tó Fọ́ Sórí Awọ Àgbò Bàbá Wa

Òórùn awọ àgbò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi, kí òórùn túràrí àti ti tàdáwà tó fi ń kọ wàláà tó tẹ̀ lé e. Ilé náà wà nínú ìgboro Ìlọrin, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ilé alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí fèrèsé rẹ̀ sì kéré bí ẹni pé ẹni tó kọ́ ọ ń ṣahun afẹ́fẹ́. Bí òjò bá rọ̀, tí ọ̀rinrin bá mú yàrá, òórùn awọ náà a gbilẹ̀ dé pálọ̀. Àwa ọmọ a fi ọwọ́ bo imú, bàbá wa a sì rẹ́rìn-ín, a ní àgbò náà ló ń kí wa. O bi mí lọ́jọ́sí kí ló dé tí mo fi pariwo bí ẹni tí àkeekèé ta nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìgbálẹ̀ gbá gílóòbù tó fọ́ nínú ọ́fíìsì àwa olùkọ́. Mo fi ẹ̀rín bò ó lọ́jọ́ náà, torí ojú pọ̀. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún ọ.

Ọdún Iléyá kan ni bàbá wa ra àgbò náà ní Òkè-Oyì, àgbò funfun tó dúdú lójú. Nígbà tí wọ́n pa á tán, ó ní kí wọ́n pín ẹran fún ará ilé àti aládùúgbò bó ti yẹ, ṣùgbọ́n awọ jẹ́ tòun. Ó gbé e fún àwọn tó ń ṣe awọ, wọ́n ṣe é títí ó fi rọ̀, irun rẹ̀ sì nípọn débi pé ìka ènìyàn a rì sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí awọ yìí ló ń kírun sí, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí kọ́ àwọn ọmọ kéwú, orí rẹ̀ ló sì ti ń ṣe wúríìdì, àdúrà àkàtúnkà rẹ̀, lẹ́yìn àsùbá títí oòrùn á fi yọ. Ibẹ̀ náà ló jókòó kú sí. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rò pé kò tíì parí àdúrà ni, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó jáde. Nígbà tó padà wọlé, ẹ̀kọ ti tutù, tẹ̀súbà ṣì wà lọ́wọ́ bàbá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, inú yàrá yẹn ni ìyá mi ti ń ṣe opó. O mọ bí opó ṣe rí láàárín àwa Mùsùlùmí: obìnrin kì í jáde nílé láìnídìí títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Ìyá mi kò tilẹ̀ fẹ́ jáde nínú yàrá. Awọ àgbò yìí ló sọ di ilé. Orúnkún rẹ̀ kò ṣe é kúnlẹ̀ mọ́, torí náà ìjókòó ló fi ń kírun, bó bá sì parí, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irun awọ náà. Ó sọ fún mi pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé bàbá kàn lọ sí mọ́sálásí ni. Ohun tó ń já èmi láyà ni kíndìnrín rẹ̀. Kí bàbá tó kú ni dókítà ti sọ fún wa pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé ká má ṣe jẹ́ kí oògùn àlòkulò tàbí májèlé kankan dé ara rẹ̀. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí afọ́jú ṣe ń di ọ̀pá rẹ̀ mú.

Ìyá mi ti ń ráhùn pé iná yàrá náà ń ṣẹ́jú, pé òun ò rí àlùkùránì kà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé nínú ilé náà, ra gílóòbù ìgbàlódé kan láti fi rọ́pò èyí tó ti wà lókè láti ìgbà èwe wa. Gílóòbù gbọọrọ ni èyí àtijọ́, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì. Ó gun àga, ó tú ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ̀ pinpin. Ó fi agbára fà á, ó já bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ sórí awọ àgbò. Ìyá mi ti sún sẹ́yìn kó tó gun àga, gíláàsì kankan kò gé e, gbogbo wọn sì ní àlámúdùlílàhì.

Nígbà tí èmi fi máa ti ilé ìwé dé láti Basin, àdúgbò tí mò ń gbé, iṣẹ́ ti ń lọ ní pẹrẹu. Wọ́n ti tan fáànù sílẹ̀ kó lè gbé eruku jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé awọ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti nà án mọ́ ògiri bí gbogbo wa ṣe máa ń na awọ tí eruku bá mú, ó sì ti dá a padà sáyè rẹ̀. Ìyá mi ti jókòó lé e lórí, ó ń ka tẹ̀súbà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tó kù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹ̀fun funfun ń fò níbi tí oòrùn gbà wọlé.

"Ẹ pa fáànù yẹn!" Mi ò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi nàró, ó wò mí. "Kò wá sí ẹ kú ilé mọ́? Kí ló ń lé ọ bọ̀?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Ìyá jáde. Májèlé wà nínú gílóòbù yìí."

"Gílóòbù tó ti wà lórí wa láti kékeré? Àbí kẹ́místrì ti gùn ọ́ ni?"

Kẹ́místrì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ lóòótọ́, ìwọ náà sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Mẹ́kúrì ni ohun tí mo ń sọ, omi dídán tó máa ń wà nínú tẹmómítà àtijọ́ tí wọ́n ń ki bọ̀ wá lábíyá. Èyí tó wà nínú gílóòbù kan kéré púpọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù bá ti fọ́, á gbéra lọ sínú afẹ́fẹ́, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń fà á símú kò ní mọ̀. Ìgbálẹ̀ á tú u ká, fáànù á sì gbé e dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ara ibi tó sì fẹ́ràn láti jókòó sí nínú ènìyàn ni kíndìnrín. Bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń wo ìyá mi tó ń mí wọlé, tó ń mí síta, ó ṣe mí bíi kí n fi ọwọ́ dí i nímú.

A mú un lọ sábẹ́ igi dóńgóyárò. Mo ṣí fèrèsé kéékèèké yẹn, mo ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí pálọ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé kí afẹ́fẹ́ lè kọ́kọ́ fẹ́ dáadáa. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo tó wọlé. Mo bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, mo fi náílọ́ọ̀nù di ọwọ́ méjèèjì, mo ya páálí líle kékeré méjì, mo sì ń fi ọ̀kan ha èérún gíláàsì sórí ìkejì díẹ̀díẹ̀. Èyí tí páálí kò kó, mo fi sẹ́lótéèpù tẹ̀ ẹ́. Mo fi bébà tútù nu gbogbo ilẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, mo dé e pinpin. Ìgbálẹ̀ náà lọ sínú náílọ́ọ̀nù, bùbá tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ náà sì tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn pé ọrùn òun ló kù tí màá bọ́. Táìsì ni ilẹ̀ yàrá, nítorí náà ilẹ̀ rọrùn. Awọ ni kò rọrùn.

Mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìnkùlé, mo kúnlẹ̀ tì í. Mo tẹ sẹ́lótéèpù mọ́ irun rẹ̀, mo ká a kúrò, ìyẹ̀fun àti gíláàsì bá a wá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni. Mo ń ya irun náà bí ẹni tó fẹ́ di irun fún ọmọ, ìyẹ̀fun funfun ń bẹ ní gbòǹgbò nínú irun funfun, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí í ṣe èwo mọ́. Nínà tí ẹ̀gbọ́n mi nà án mọ́ ògiri ti ti ìyẹ̀fun náà wọ inú irun pátápátá. Bí mo bá ní kí n fọ̀ ọ́, omi á gbé májèlé náà wọ gọ́tà ládùúgbò, kò sì ní tán lára rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún ni pé ẹní, aṣọ tàbí ohun onírun tí irú gílóòbù yìí bá fọ́ sí, kì í ṣe fífọ̀, jíjù nù ni. Ó rọrùn láti kọ sí ojú bọ́ọ̀dù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

"Ṣé ó ti mọ́?" Ìyá mi ló bi mí láti abẹ́ igi.

"Ìyá, kò lè mọ́ mọ́. Kò ṣe é jókòó sí mọ́."

Ó ní kí n nà án sókè kí òun rí i. Mo nà án sókè, mo dúró jìnnà sí i. Ó wò ó títí. "Èmi ò rí nǹkan kan lára ẹ̀."

"Kì í ṣe ohun téèyàn ń rí, Ìyá. Kíndìnrín yín ni mò ń rò."

"Èmi tí mo ti dàgbà báyìí, kí ni mo fẹ́ fi kíndìnrín ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, pé oòrùn Ìlọrin kò sí ohun tí kì í pa. Mo ní rárá. Mo mú gárawà ọ̀dà tó ní ọmọrí, mo ká awọ náà sínú rẹ̀, mo sì ń fi téèpù yí etí rẹ̀ ká nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ohùn tó máa ń fi ní kí n bá òun bu omi wá ló fi sọ ọ́. "Ikú mú bàbá yín lọ. Ìwọ wá mú ibi tó ń jókòó sí lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ sí Basin kí yàrá náà lè fẹ́ dáadáa. Ó ní, "Inú opó ni mo wà. Ṣé o fẹ́ gba ìyẹn náà ni?" Ó gbà láti máa sùn ní pálọ̀, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra ẹní ìkírun tuntun fún un, èyí tó nípọn jù tí mo rí lọ́jà. Ó dúpẹ́, ó ká a, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì jókòó sórí táìsì lásán kírun. Láti ọjọ́ náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò ní awọ lásán kọ́ ló yẹ kí àgbàlagbà máa torí ẹ̀ bínú sí ọmọ. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó wúwo. Ní ti gárawà náà, mo gbé e kiri ìlú yìí títí ojú fi tì mí. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní kí n jù ú sórí ààtàn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣa ike. Ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo lọ, ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ò ní ibi tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí. Mo gbé e padà sílé.

Kò pẹ́ tí Ìyá mi jáde opó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìgbà tí a gbé e dé ọsibítù, àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó sọ̀rọ̀ sí mi níbẹ̀, èyí tó ti pẹ́ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bá mi gbé awọ yẹn wá. Mi ò ní jókòó sí i. Jẹ́ n kàn fọwọ́ kàn án." Mo wo aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ọ̀tún, mo wo ti òsì, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń fún ọmọ lọ́mú nínú yàrá kan náà. Mo ní, "Ìyá, kò ṣe é ṣí." Kò bínú. Ó di ojú, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìka rẹ̀ ń walẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó nípọn kó rì sí. Ọwọ́ náà kò dúró títí di ọjọ́ tó kú.

Mo bi dókítà bóyá gílóòbù ni. Ó ní kíndìnrín náà ti ń lọ tẹ́lẹ̀, òun kò lè ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kò lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà mi ò mọ̀. Bóyá ohun tó fà símú kí n tó dé ló ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bóyá ìwọ̀nba tó wà lára awọ náà kò lè pa eṣinṣin, mo sì fi ìyà jẹ ẹ́ lásán. Bó bá jẹ́ pé mo fi oṣù kan péré kún ọjọ́ ayé rẹ̀, ta ló máa sọ fún mi? Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọlọ́run ló mọ̀, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó pọ̀ mọ́.

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí ibi tí mo ti lè ṣe é mìíràn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún pa fáànù, màá tún gbé gárawà. Wọ́n máa ń sọ fún wa ní wáàsí pé ẹni tó bá ṣe ohun tó tọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ọkàn ta ni? Mo ṣe ohun tó tọ́, ìyá mi sì fi ọwọ́ òfìfo kú.