Ológbò Tí Wọ́n Ní Kí Ebi Pa

Káfíńtà àdúgbò wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ń kan àga, ìṣó ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ìṣó bá tán lẹ́nu, ológbò rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò pe ológbò náà lórúkọ mìíràn ju "orogún mi" lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya fíìmù ìpolówó ọjà wá gba àga lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ológbò náà. Ó ní òun fẹ́ kó jẹ ẹja inú agolo níwájú kámẹ́rà. Inú káfíńtà dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ joyè. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

"Bàbá, ẹ má fún un lóńjẹ lálẹ́ òní o. Ebi ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe dáadáa."

N kò rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà burú. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, káfíńtà jókòó ti oúnjẹ rẹ̀. Ológbò jókòó tì í, ó ń wò ó lẹ́nu. Káfíńtà wẹ̀yìn bóyá ìyàwó ń bọ̀, ó sì rọra gbé abọ́ náà fún ológbò, gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ pátá. Omi lòun mu sùn.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya gbé ológbò lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Iná tàn yòò, wọ́n ṣí agolo. Ológbò gbóòórùn ẹja náà, ó fọwọ́ nu ojú, ó sùn.

"Ta ló fún un lóńjẹ?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi wọ́n.

Káfíńtà wo àjà. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. "Èmi ni, kílẹ̀ tó mọ́. Orogún ni lóòótọ́, àmọ́ n ò lè febi pa á."

Káfíńtà yíjú sí i. "Ìwọ náà?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀?"

"Kò burú," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún wa. A ó tì í mọ́ yàrá dọ̀la, ebi á kọ́ ọ."

"Rárá o."

"Bàbá, ológbò lásán ni. Iṣẹ́ yìí á bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Kó bọ́. Bẹ́ ẹ bá ní kí ebi pa èmi, mo lè ní n ò ṣe. Ta ni yóò bá mi ṣàlàyé fún ológbò pé eré ni?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ológbò, ni ikùn rẹ̀ bá kùn, gbogbo yàrá gbọ́.

"Àbí gbogbo oúnjẹ àná lẹ gbé fún un?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ojú káfíńtà ti kúrò lára èèyàn, ó ti wà lára agolo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó wo agolo, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ máa ń jẹ ẹja?"

"Bẹ́ ẹ bá fi sùúrù bi mí."

Káfíńtà jókòó síwájú kámẹ́rà, ológbò ń sùn lórí itan rẹ̀, ó jẹ agolo kan tán, ó tún na ọwọ́ sí òmíràn. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó káwọ́ sáyà. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń se oúnjẹ fún ọkùnrin yìí, kò fi irú ojú yẹn wo abọ́ òun rí.