Súwẹ́tà Ẹ̀gbọ́n Lẹ́nu Ààrò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò wọ súwẹ́tà olóògbé lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ẹnu ààrò búrẹ́dì. Níbi tí àwọn yòókù ti ń bọ́ singilẹ́ẹ̀tì, òun ló da òwú bora. Olóye ènìyàn.

Ìdí ààrò yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà kí àìsàn tó gbé e lọ. Súwẹ́tà yìí ló máa ń kó sọ́rùn tó bá ń lọ sílé. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbi ọrùn aṣọ náà. Àbúrò kò fẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

Ààrò ò bá a kẹ́dùn. Kò pẹ́ tí òógùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé òógùn òun máa fọ òórùn ẹ̀gbọ́n dànù. Ó bá jókòó, ó ronú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun ò bá ti mu omi, òógùn ò ní ríbi ti wá.

Nígbà tó di ọ̀sán, òógùn dá lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun ti gbọ́n ju ara òun lọ. Awọ ara rẹ̀ gbẹ, ó gbóná bíi páànù. Orí ń fọ́ ọ. Páànù búrẹ́dì mẹ́rin di mẹ́jọ lójú rẹ̀. Ó ń wá ibi tó máa ti mẹ́jọ sí nínú ààrò, ló bá lọ sílẹ̀ gbì.

Nígbà tó lajú, ẹnu ọ̀nà ló wà, láìsí súwẹ́tà lára. Bàbá Ààrò, ọ̀gá tó kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n níṣẹ́, ń fi aṣọ tútù nù ún lára, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ó ní òógùn ni ara fi ń lé ooru jáde, atẹ́gùn á gbé e lọ, ara á tutù. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ooru nínú ara rẹ̀ rí.

Súwẹ́tà ni àbúrò kọ́kọ́ béèrè. Ó fi ìtìjú sọ ìdí rẹ̀. Bàbá Ààrò gbé súwẹ́tà náà símú.

"Kí lo rò pé ò ń gbóòórùn láti ọjọ́ yìí, lọ́fíńdà? Òógùn ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Ìdí ààrò yìí náà ló ti ń là á."

Àbúrò gba ife omi, ó gbé e mu tán. Ó gba òmíràn. Nígbà tó yá, òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi imú wá òórùn ẹ̀gbọ́n lábíyá ara rẹ̀.

Bàbá Ààrò wò ó títí, ó tún bu omi fún un.